MICHAEL CUSACK: ỌMỌ DARANDARAN TÍ Ó GBÁ BỌ́Ọ̀LÙ ÀWỌN ỌMỌ ỌLỌ́LÁ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ireland, fún ọdún gbọọrọ, bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ pápá eré rọ́gbì ni ọ̀rọ̀ rí, ọ̀nà náà sì gba ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ àwọn olówó kọjá. Rọ́gbì ni eré bọ́ọ̀lù tí ó gùn bí ẹyin, èyí tí àwọn eléré máa ń gbá mọ́ àyà sá lọ, tí àwọn alátakò yóò sì máa wó wọn lulẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ó tọ̀ ọ́ dé òpin, lẹ́yìn náà ni ó yí padà, ó sì la ọ̀nà mìíràn fún àwọn tí géètì tì mọ́ ìta.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1847 ni a bí Michael Cusack ní Carron, ní agbègbè olókùúta tí wọ́n ń pè ní Burren, ní Clare, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland. Ọdún burúkú ni ọdún náà. Láti 1845 ni àrùn ti ń ba ọ̀dùnkún jẹ́ lóko, ọ̀dùnkún yìí sì ni mẹ̀kúnnù fi ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ìyàn náà tó rọlẹ̀, nǹkan bí 1,000,000 ènìyàn ni ó ti kú, àwọn tí ó tó bẹ́ẹ̀ sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ òkèèrè mìíràn.

Darandaran ni bàbá Michael; ẹran ẹlẹ́ran ni ó ń ṣọ́. Èdè Irish ni wọ́n ń sọ nínú ilé, òun sì ni èdè àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń darí ilẹ̀ Ireland nígbà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọmọ tálákà tí orí rẹ̀ bá pé kò ní àkàbà púpọ̀ tí ó lè gùn. Iṣẹ́ olùkọ́ni jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí ó wà, òun náà ni Cusack sì gùn.

Iṣẹ́ Olùkọ́ni

Lẹ́yìn tí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tán, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Lough Cutra, ní Galway, ní 1866. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn: St Colman's ní Newry, Blackrock College lẹ́bàá Dublin, Kilkenny College, àti Clongowes Wood College. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Faransé ni ó dá Blackrock sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Jesuit ni ó ni Clongowes, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ láti 1814. Owó gidi ni òbí ń san kí ọmọ tó wọ ibẹ̀. Ọmọ dókítà, ọmọ agbẹjọ́rò, ọmọ oníṣòwò ńlá àti ti àgbẹ̀ olóko gbọọrọ ni ó kún ibẹ̀. Ọmọ darandaran wá di ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ àwọn tí wọ́n ni ẹran.

Irú ilé ẹ̀kọ́ báyìí ni rọ́gbì ti ta gbòǹgbò. Láti England ni eré náà ti wá. Trinity College ní Dublin ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti 1854, nígbà tí ó sì di 1879, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti ń ṣàkóso rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ireland. Àwọn òbí tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn di ènìyàn pàtàkì lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ó yẹ kí ó mọ eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ bá jáde, yóò wọ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde. Àwọn tí wọ́n jọ yí nínú ẹrẹ̀ ní pápá ni yóò tún bá pàdé ní ilé ẹjọ́, ní báńkì àti ní ọsibítù.

Ní 1877, Cusack dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Dublin. Ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, ti ọlọ́pàá àti ti yunifásítì ni ó ń múra àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún. Ilé ẹ̀kọ́ náà lókìkí, owó sì ń wọlé. Ó dá ẹgbẹ́ rọ́gbì sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, abirùngbọ̀n, afẹ̀yìnkà, sì ń bá wọn ṣe é. Kò sí àní-àní pé ó fẹ́ràn eré náà.

Ìyípadà Ọkàn Rẹ̀

Kí ló wá dé tí ẹni tí ó ti wọlé fi tún jáde? Ohun méjì ni a lè tọ́ka sí. Èkíní ni èdè. Ní àwọn ọdún 1880 ni ó darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń jà kí èdè Irish má baà kú, ó sì rí i pé eré ìbílẹ̀ pẹ̀lú ń kú lọ. Hurling, eré onígi tí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe láti ayébáyé, ti di ohun àwátì ní ibi púpọ̀ lẹ́yìn ìyàn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ipò. Òfin eré sísá àti fífò tí wọ́n mú láti England wá fẹ́ràn láti ya oníṣẹ́ ọwọ́ àti lébírà sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọlúwàbí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sì ń ṣe ìdíje, nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọwọ́ tálákà ń dilẹ̀. Èyí dun ọmọ darandaran náà dé egungun.

Ní oṣù kẹwàá 1884, ó kọ ọ̀rọ̀ líle sínú ìwé ìròyìn, ó ní kí àwọn ará Ireland gba eré wọn padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn tí kò tó 20 péjọ sí Hayes's Hotel ní ìlú Thurles, wọ́n sì dá Gaelic Athletic Association sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní GAA. Maurice Davin ni ààrẹ. Cusack jẹ́ akọ̀wé. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Croke, Charles Stewart Parnell àti Michael Davitt gbà láti jẹ́ alátìlẹyìn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣeré, abúlé àti ìjọ sì ni wọ́n fi pín ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí eléré lọ. Láàárín ìwọ̀nba ọdún, ó ti tàn káàkiri.

Ìṣubú àti Ikú Rẹ̀

Ṣùgbọ́n Cusack ní ìbínú òjijì, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó bá Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Croke pàápàá jà. Kì í dáhùn lẹ́tà lásìkò, kì í sì í ro ìṣirò owó bí ó ti yẹ. Ní oṣù keje 1886, kò tíì pé ọdún méjì, wọ́n yọ ọ́ nípò. Ní 1887 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀, Celtic Times, kò sì ju bí ọdún kan lọ tí ó fi kú. Ní 1890 ìyàwó rẹ̀ Margaret papò dà; ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì rẹ̀yìn. Ó ń rìn kiri Dublin pẹ̀lú fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ àti ọ̀pá ńlá lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá 1906, ní ẹni ọdún 59, wọ́n sì sin ín sí Glasnevin. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni James Joyce fi ṣe àwòkọ aláriwo ọ̀mùtí kan nínú ìwé Ulysses ní 1922. Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kò kún tó fún un.

Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kọ́ géètì tirẹ̀. Wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbá rọ́gbì tàbí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn ṣeré mọ́. Títí di 1971 ni òfin náà fi wà. Bí Cusack bá wà láyé ní ọjọ́ tí ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbá rọ́gbì, òfin yìí ì bá lé òun gan-an jáde!

Rọ́gbì ní tirẹ̀ dúró sí ilé ẹ̀kọ́ olówó. Ní 1887 ni ìdíje ife àwọn ilé ẹ̀kọ́ Leinster bẹ̀rẹ̀. Blackrock ni ó kọ́kọ́ gbà á, ó sì ti gbà á ju ìgbà 60 lọ. Ìjọba sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní 1967, síbẹ̀ àwọn tí ń sanwó kò parẹ́. Ìlú Limerick nìkan ni ó yàtọ̀ gédégbé. Níbẹ̀, lébírà àti òṣìṣẹ́ èbúté ń gbá rọ́gbì ní ẹgbẹ́ bí i Young Munster. Èyí fi hàn pé kì í ṣe eré náà ni ó ń ṣa ènìyàn, ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ pápá mú ni.

Croke Park ní Dublin ni olú pápá GAA. Níbẹ̀ ni àwọn agbófinró ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn ní 1920, tí ènìyàn 14 sì kú. Ní 2005, ẹgbẹ́ náà dìbò pé kí wọ́n yá àwọn onírọ́gbì ní pápá náà, nítorí wọ́n fẹ́ tún tiwọn kọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2007, Ireland fi àmì 43 sí 13 na England níbẹ̀. Apá kan ìjókòó pápá náà ń jẹ́ Cusack Stand, orúkọ ọmọ darandaran yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jókòó lábẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń wo eré tí ó fẹ́ràn rí tí ó sì kọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Tí A Rí Kọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ilé ẹ̀kọ́ a máa kọ́ ènìyàn ní ìwé, ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ni ní ohun tí a óò fẹ́ràn, àti àwọn tí a óò máa bá ṣe wọlé-wọ̀de. Cusack jèrè ẹ̀kọ́ náà, kò sì jẹ́ kí ó mú òun gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ àti àwọn ará Carron. Àléébù rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkàbà gbé e dókè, ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn tí wọ́n ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gùn ún dé òkè nínú wa, kí ó bojú wẹ̀yìn.