Taslim Ọláwálé Elias: Amòfin Tí Ó Fi Òfin Ṣe Ìlàjà

Ìfáárà

Bí a bá ń dárúkọ àwọn ọmọ Yorùbá tí ìmọ̀ òfin sọ di ẹni ńlá, àwọn tó bá ìjọba amúnisìn tàbí ìjọba ológun fà á nílé-ẹjọ́ ló máa ń tètè wá sí wa lọ́kàn. Taslim Ọláwálé Elias kò sí lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó jókòó sáàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bára wọn fa wàhálà, tó ń wá gbólóhùn tí tọ̀tún-tòsì lè fọwọ́ sí. Bóyá ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi dún láàrin àwọn onímọ̀ òfin àgbáyé ju bí ó ti dún lọ nínú kíláàsì wa. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bí ó ṣe ṣe ìlàjà náà, ibi tó ti bọ́ sí i àti ibi tí kò ti bọ́ sí i.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Elias sí ní ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1914, ọdún kan náà tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀. Ó kàwé ní CMS Grammar School àti ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì. Kò ti ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń yẹ ìwé owó wò, lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ Rélùwéè ní 1935, ó sì lo ọdún mẹ́sàn-án ní ọ́fíìsì olórí oníṣirò owó níbẹ̀. Bí ó ti ń gba owó oṣù ni ó ń ka ìwé fún ìdánwò Yunifásítì London láti Èkó. Àwọn olùkọ́ tí ń gba ìwé-ẹ̀rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tí irú ìyẹn ń gbà lára ènìyàn.

Ní 1944 ó lọ sí Ìlú Ọba. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ òfin ní 1946, ó di agbẹjọ́rò ní Inner Temple ní 1947, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin ní Yunifásítì London ní 1949. Láti ibẹ̀ ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí àti ìkọ́ni ní Manchester, ní Oxford àti ní Delhi ní ilẹ̀ Índíà.

Méjì nínú àwọn ìwé tó kọ lásìkò yìí kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àkọ́kọ́ ni Nigerian Land Law and Custom, tó jáde ní 1951. Èkejì ni The Nature of African Customary Law, tó jáde ní 1956. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé àṣà lásán ni adúláwọ̀ ní, pé ẹ̀rù ló ń mú wọn pa á mọ́, pé kò sí ohun tí a lè pè ní òfin níbẹ̀. Elias kò fi ìbínú dá wọn lóhùn. Ó kó ẹ̀rí jọ nípa ilẹ̀, ogún, ìgbéyàwó àti ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà, ó sì fi hàn pé àwọn baba ńlá wa ní òfin, wọ́n ní adájọ́, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀ṣẹ̀ tó kan ẹnì kan àti èyí tó kan gbogbo ìlú. Lójú tèmi, ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó wá ṣe lẹ́yìn náà wà nínú ìwé méjèèjì yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilẹ̀ Áfíríkà sọ̀rọ̀ nínú òfin àgbáyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òfin kì í ṣe àjèjì sí i.

Addis Ababa àti Ìgbìmọ̀ Ìlàjà

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Elias di Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà Ètò Ìdájọ́. Ní 1961 ó wọ ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tí ń to òfin àgbáyé lẹ́sẹẹsẹ. Ó wà níbẹ̀ títí di 1975, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ náà ní 1970.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Addis Ababa láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Elias wà lára àwọn amòfin tí wọ́n fi ọwọ́ sí kíkọ ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ kò kéré. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà ti pín ìdílé àti oko sí ọ̀nà méjì-méjì, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye ìjà tí yóò bẹ́ sílẹ̀. Ìwé ìdásílẹ̀ náà pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ kan wà fún ìlàjà. Ní Cairo, ní oṣù keje ọdún 1964, àwọn olórí fọwọ́ sí ìlànà ìgbìmọ̀ náà: ọmọ ìgbìmọ̀ 21, ọ̀nà mẹ́ta. Alárinà lè bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ ara wọn yé. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lè wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì dábàá ìpẹ̀tù. Tàbí kí àwọn onídàájọ́ tí ìhà méjèèjì yàn dá ẹjọ́ tí wọn yóò tẹ̀ lé. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ọ̀dọ̀ baálé dé ààfin ọba kò ní ka ètò yìí sí tuntun. Wọn kò dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ rárá, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n lẹ́jọ́ tipátipá.

Ìgbìmọ̀ yìí kò rí ẹjọ́ kan ṣoṣo gbọ́. Nígbà tí Àlùjíríà àti Mòrókò jà ní 1963, kí ìlànà náà tó jáde, Ọba Haile Selassie àti Ààrẹ Modibo Keita ló bá wọn parí rẹ̀ ní Bamako, ojú ọ̀nà yìí náà ni àwọn tó kù sì tọ̀. Olórí ìjọba fẹ́ràn kí olórí ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ ju kí ó lọ jókòó síwájú àwọn amòfin. A kò lè ní Elias kò mọ iṣẹ́ rẹ̀; àwọn tó ni ìjà ni kò gbé e wá.

Nàmíbíà àti Vienna

Ní 1966 ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yí ojú tí ilẹ̀ Áfíríkà fi ń wo òfin àgbáyé padà. Etiópíà àti Làìbéríà ti pe Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague láti 1960, nítorí ìyà tó fi ń jẹ àwọn ènìyàn Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àwọn adájọ́ pín sí méje-méje. Ààrẹ ilé-ẹjọ́ wá fi ìbò rẹ̀ kejì kún un, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn olùpẹjọ́. Ìbínú gba gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Inú ìbínú yìí ni wọ́n bá dé Vienna ní 1968 àti 1969, níbi àpérò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pè láti ṣe òfin tí yóò máa darí àdéhùn láàrin orílẹ̀-èdè. Elias ni alága ìgbìmọ̀ gbogbogbòò níbẹ̀, èyí tó yẹ abala òfin náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà pé àdéhùn tó bá tako ìlànà tó ga jù lọ nínú òfin àgbáyé kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ta ni yóò wá sọ pé ó tako ó? Àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù apá ìwọ̀-oòrùn ní àfi ilé-ẹjọ́. Rọ́ṣíà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ kọ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà náà kọ̀, nítorí wọn kò tíì gbàgbé 1966. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí àpérò náà parí, ó sì fẹ́ túká lásán.

Ibí yìí ni ọwọ́ ìlàjà Elias ti hàn jù lọ. Ó lọ, ó bọ̀ láàrin àwọn ìhà náà, ó sì di ohun tí oníkálùkù fẹ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ti ẹlòmíràn. Aáwọ̀ lórí ìlànà tó ga jù lọ yóò lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé. Aáwọ̀ yòókù yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìpẹ̀tù. Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án mìíràn láti Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá gbé e kalẹ̀. Ìbò 61 gbè é, 20 kọ̀ ọ́, 26 kò dìbò. Òfin Vienna wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980. Títí di òní, òun ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ń túmọ̀ àdéhùn wọn. Ìgbìmọ̀ Cairo kò rí iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n irú ìpẹ̀tù tó wà nínú ìlànà rẹ̀ wọ òfin gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ Nàmíbíà tún padà sí Hague. Ní 1971, Elias fúnra rẹ̀ dúró níwájú àwọn adájọ́ gẹ́gẹ́ bí agbẹnusọ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà ọdún náà, adájọ́ 13 lòdì sí 2 sọ pé Gúúsù Áfíríkà kò ní ẹ̀tọ́ láti wà ní Nàmíbíà, pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Kò kúrò nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún lè sọ pé òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ Rẹ̀ Nílé

Nílé ni ọ̀rọ̀ Elias ti nira láti yìn láìfi ẹnu kọ́. Òun ni Agbẹjọ́rò Àgbà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962. Àwọn ológun yọ ọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, wọ́n sì dá a padà sípò ní oṣù kọkànlá. Ó tún ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Lakanmi, ó ní ìjọba ológun kò lè fi òfin gba dúkìá ẹnì kan bí ẹni pé òun ni adájọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìjọba fi òfin kejìdínlọ́gbọ̀n ti ọdún yẹn pa ìdájọ́ náà rẹ́. Elias ni Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba náà. Ẹni tó ń bá Gúúsù Áfíríkà sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Hague wà nínú ìjọba tí kò fẹ́ kí adájọ́ tirẹ̀ bi òun léèrè. Ẹni tí ń kọ ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fo èyí.

Ó di Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yìí ní 1972. Nígbà tí ìjọba Gowon ṣubú ní 1975, wọ́n yọ ọ́.

Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé

Kí ọdún náà tó parí, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti dìbò yàn án sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé, ilé tó dá ẹjọ́ 1966. Ó di igbákejì ààrẹ rẹ̀ ní 1979. Nígbà tí ààrẹ, Sir Humphrey Waldock, kú ní 1981, ó ṣe adelé, wọ́n sì yàn án sípò ní 1982, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó lórí àga náà.

Ní 1984, Nikarágúà pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ nítorí bọ́ǹbù tí wọ́n rì sínú omi èbúté rẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọlọ̀tẹ̀. Amẹ́ríkà ní ilé-ẹjọ́ náà kò ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí Elias wà lórí àga, wọ́n dájọ́ pé àwọn ní àṣẹ. Amẹ́ríkà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ń lọ títí ìdájọ́ fi jáde ní 1986 pé Amẹ́ríkà jẹ̀bi. Ilé tí kò gbọ́ ẹjọ́ Etiópíà àti Làìbéríà ti gbọ́ ti orílẹ̀-èdè kékeré kan sí ọba àwọn alágbára.

Elias rí òmìnira Nàmíbíà ní ọjọ́ 21, oṣù kẹta, ọdún 1990. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ adájọ́ ní Hague. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Cairo kan náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà gbé ètò tuntun kalẹ̀ fún pípẹ̀tù sí aáwọ̀, wọ́n sì fi rọ́pò ìgbìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí.