Àìná Ọnàbólú, ayàwòrán Èkó

Ní Òkukù wa, oríkì la fi ń tọ́jú ẹni ńlá. Ọ̀dà ni Àìná Ọnàbólú fi tọ́jú tirẹ̀. (Ẹ wo orúkọ yẹn: ọnà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.) Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1882. Kò ní olùkọ́. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò yà. Nígbà tó di 1906, ó ti ya Ìyáàfin Spencer Savage. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé Èkó bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Wọ́n sọ ọ́ ní Mr Perspective. Òun ló ní kí ìjọba wá olùkọ́ kún òun. Kenneth Murray dé ní 1927, ó ní iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ni kí àwọn ọmọ gbájú mọ́. Mi ò dá Murray lẹ́bi tán, àmọ́ Ọnàbólú ni mo gbè. Ọ̀dà òyìnbó ló fi já irọ́ àwọn òyìnbó tó ní aláwọ̀ dúdú ò lè yàwòrán. Ó kú ní 1963.