Anna Hinderer: Ìyá Tí Kò Bímọ, Tí Ọmọ Rẹ̀ Kún Kúdẹ̀tì

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ohun ìtìjú pé kí bàbá mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láti tọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ìbáà jẹ́ babaláwo. Bí ẹni náà bá sì tọ́ ọmọ yanjú, bàbá tàbí ìyá ni ọmọ yóò máa pè é títí ọjọ́ ikú. Àṣà yìí ni ó sọ obìnrin òyìnbó kan, tí kò fi inú ara rẹ̀ bímọ rí, di abiyamọ ní Ìbàdàn.

Abúlé Hempnall, ní ẹkùn Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbé bí Anna ní ọdún 1827. Martin ni orúkọ ìdílé tí ó ti jáde. Ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ ẹbí ni ó gbé ní ìlú Lowestoft, kí Àlùfáà Francis Cunningham àti aya rẹ̀ tó gbà á sílé bí ọmọ. Òun pàápàá, nígbà náà, jẹ́ ọmọ tí ẹlòmíràn tọ́. Kò tíì dàgbà tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ C.M.S. ti rán wá sí ilẹ̀ wa, tí ó sì ti kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní ọdún 1851. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1853. Ibà kò jẹ́ kí Anna gbádùn ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún náà, òun àti ọkọ rẹ̀ wọ Ìbàdàn. Àwọn ará ìlú kò rí obìnrin òyìnbó láàárín wọn rí. Tọmọdé tàgbà ni ó jáde wá wò ó. Kúdẹ̀tì ni wọ́n tẹ̀dó sí.

Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà, ìwé kò sì jọ ọ̀pọ̀ àwọn olórí ogun lójú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tí ó bá kàwé yóò di ojo, kò ní lè gbé idà mọ́. Àwọn òbí mìíràn sì ń bẹ̀rù pé yóò kọ òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù kejì yìí kì í ṣe asán, nítorí àwọn Hinderer kò fi bò pé Jésù ni àwọn ń fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa sìn. Èyí dá ìjà sílẹ̀ nínú àwọn agbo ilé kan. Síbẹ̀, Olóyè Olúnlóyò fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé ara tu àwọn ọmọ náà, àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tí a rà padà kúrò lóko ẹrú náà sì rí ilé sí Kúdẹ̀tì. Anna ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, orin àti abẹ́rẹ́ lílò. Òun ni ó ń rán aṣọ wọn, òun ni ó sì ń tọ́jú wọn bí ara wọn kò bá yá. Àìsàn gbé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sílé ní ọdún 1856, ṣùgbọ́n wọ́n tún padà ní ọdún 1858.

Ogun Ìjàyè ni ó dán ìyá yìí wò. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà, wọ́n fi Adélù àrẹ̀mọ rẹ̀ jọba, dípò kí ó bá bàbá rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́. Ààrẹ Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gbà á lọ́ba. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò ṣí ọ̀nà Èkó sílẹ̀. Owó àti ohun èlò kò dé Kúdẹ̀tì mọ́. Àwọn Hinderer ń ta ẹrù ilé wọn fún owó ẹyọ láti ra oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ. Ebi kò mú kí Anna lé àwọn ọmọ náà jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, àwọn aláṣẹ Èkó rán ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Maxwell wá mú un lọ. Alẹ́ ni ó dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Anna ti wà lójú ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ dúró ti iṣẹ́ ní tirẹ̀.

Anna tún padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ó kúrò pátápátá ní ọdún 1869, ó sì kú ní Martham ní Norfolk ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Daniel Olúbí, tí a bí sí ìdílé olórìṣà ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó gba àkóso ìjọ Ìbàdàn. Ó di àlùfáà, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1912. Ọmọ mìíràn tí ó kàwé ní Kúdẹ̀tì ní àkókò ogun náà ni Samuel Johnson. Òun ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bi àwọn àgbà àti àwọn arọ́kin léèrè, tí ó sì kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá sínú ìwé ńlá tí ó parí ní ọdún 1897, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn òbí àti olùkọ́ ronú sí èyí. Ilé-ìwé tí àwọn ènìyàn bẹ̀rù pé yóò pa àṣà run ni ó tọ́ ẹni tí ó kó àṣà àti ìtàn wa pamọ́ fún wa. Ìgboyà Olúnlóyò tí ó fi ọmọ sílẹ̀, àti ìfaradà obìnrin tí ó gbà á tọ́, ni ó la ọ̀nà yẹn. Ẹni tí ó bá ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ lónìí, kí ó má ṣe sú u: a kì í mọ èyí tí yóò gbé orúkọ ìlú dúró.