AUGUSTINE TI ÌLÚ HIPPO (354–430): ẸNI TÍ Ó BÁ ARA RẸ̀ JÌJÀKADÌ

 Ní irú àkókò báyìí, ìtàn àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn dúró gbọn-in ni a sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tètè dúró rárá ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn kan ń bẹ láàrin wa tí ń wá sí ìsìn déédéé, tí aṣọ funfun wọn mọ́ lóló, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn ń bi wọ́n lóru pé kí ni wọ́n wá ṣe láyé gan-an. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ni. Àwọn nìkan kọ́ o.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọmọ Áfíríkà ni Augustine. Ọdún 354 ni a bí i ní Thagaste, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjẹ́ríà lónìí. Kèfèrí ni Patricius bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Onígbàgbọ́ ni Monica ìyá rẹ̀. Wọn kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n wọ́n sa gbogbo ipá wọn kí ọmọ yìí lè kàwé, ó sì mọ̀wé.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jí èso orí igi kan nítòsí ọgbà àjàrà wọn lóru. Ebi kò pa á. Èso tó dára ju ìyẹn lọ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kúkú kó o fún. Nígbà tí ó ti di àgbà pàápàá, ọ̀rọ̀ èso yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò rí ìdí tí ó fi ṣe é ju pé ibi wù ú ṣe lọ.

ÌWÁKIRI RẸ̀

Ó lọ sí Carthage láti kàwé sí i. Níbẹ̀ ni ó ti mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láìgbé e níyàwó, obìnrin náà sì bí ọmọkùnrin kan fún un, Adeodatus. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé Ọlọ́run ni ó fúnni, bí àwa náà ti ń sọ ọmọ ní Olúwafúnmi. Ní ọmọ ọdún 19, ó ka ìwé kan tí Cicero, àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Róòmù, kọ, ìfẹ́ ọgbọ́n sì gbà á lọ́kàn. Ó ṣí Bíbélì wò, ṣùgbọ́n èdè inú rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí; ó rò pé ìwé àwọn púrúǹtù ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Mani, ará Páṣíà, tí ó sì wà pẹ̀lú wọn fún nǹkan bí ọdún 9.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ohun tí àwọn yẹn fi ń kọ́ni ni pé agbára méjì ló wà, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Pé bí ènìyàn bá dẹ́ṣẹ̀, ti òkùnkùn tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe é, òun gan-an mọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ yìí tu ni lára? Àwa náà mọ irú rẹ̀. Bí a bá ṣìwà hù, a ní iṣẹ́ ayé ni, a ní ará ilé ni. Kì í ṣe pé ọ̀tá kò sí o. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kọ́ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Láàrin àkókò yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kòríkòsùn kan kú ní Thagaste. Ilé kò gbà á, ọ̀nà kò gbà á. Ibi gbogbo tí òun àti ọ̀rẹ́ náà ti ń rìn di ohun ìríra fún un. Ó ń bi ọkàn rẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọkàn náà kò sì rí èsì fọ̀. Ẹ̀kọ́ Mani kò ràn án lọ́wọ́. Ó sá kúrò nílùú.

ÀDÚRÀ ÌYÁ

Monica kò sinmi àdúrà. Nígbà tí Augustine fẹ́ lọ sí Róòmù ní ọdún 383, ìyá tẹ̀ lé e dé etí òkun, ó ní àfi kí ó má lọ tàbí kí àwọn jọ lọ. Ọmọ parọ́ fún un. Bí ìyá ti wà nínú ilé àdúrà lóru, tí ó ń fi omijé bẹ Ọlọ́run kí ọmọ má lọ, ọkọ̀ ti gbéra. Ta ni kò ní sọ pé àdúrà yẹn kò gbà? Àmọ́ ìrìn àjò yẹn gan-an ni ó gbé ọmọ dé Milan ní ọdún 384, níbi tí ó ti gbọ́ ìwàásù Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose, tí Bíbélì sì bẹ̀rẹ̀ sí yé e. Monica náà wá a débẹ̀.

ÌYÍPADÀ RẸ̀

Nígbà náà ó ti di olùkọ́ ńlá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ yíyin ọba ní gbangba. Ó kù kí ó gbé ìyàwó láti ìdílé tó lówó lọ́wọ́. Nítorí èyí, wọ́n dá ìyá Adeodatus padà sí Áfíríkà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti jọ wà, ọmọ sì kù sọ́wọ́ bàbá. Ọgbẹ́ ni ó jẹ́ fún Augustine, síbẹ̀ kò lè dúró de ìyàwó. Ó tún mú obìnrin mìíràn. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń bẹ Ọlọ́run kí Ó sọ òun di mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù kí àdúrà náà má tètè gbà.

Ní ọdún 386, nínú ọgbà ilé tí ó ń gbé, ìjà yìí dójú ẹ̀. Ó ń fẹ́ yí padà, kò sì lè yí padà. Ibẹ̀ ni ó ti hàn sí i pé kò sí ẹlòmíràn nínú òun: òun náà ni ó ń fẹ́, òun náà ni ó ń kọ̀. Ó bú sẹ́kún lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti ilé kejì, bí ẹni ń kọrin, pé kí ó mú ìwé kí ó kà. Ó ṣí Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí orí 13. Kò kà jìnnà tí ọkàn rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ní Àjíǹde ọdún 387, Ambrose ṣe ìrìbọmi fún òun àti ọmọ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Monica kú ní èbúté Ostia, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ó ń tọrọ.

IṢẸ́ RẸ̀ ÀTI IKÚ RẸ̀

Ó padà sí Áfíríkà ní ọdún 388. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Adeodatus kú, kò tíì pé ọmọ 20 ọdún. Ní ọdún 391, àwọn ará ìjọ Hippo fi ipá mú un di àlùfáà, ó ń sunkún. Láìpẹ́ ó di bíṣọ́ọ̀bù wọn. Gẹ́gẹ́ bíi bíṣọ́ọ̀bù ni ó kọ ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Kò sì fi í mọ sí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe. Ó jẹ́wọ́ pé oúnjẹ àti ìyìn ènìyàn ṣì ń dán òun wò nínú oyè náà. Nígbà tí ó darúgbó, ó tún ka àwọn ìwé tí ó ti kọ, ó sì ń tọ́ka sí ibi tí ó ti ṣì í.

Ní ọdún 430, nígbà tí ogun àwọn Vandal dó ti Hippo, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ Sáàmù ìrònúpìwàdà sára ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń kà wọ́n, ó ń sunkún. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 76. Kò ṣe ìwé ìpíngún, nítorí kò ní nǹkan kan tí yóò pín.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ará, bí ọkàn rẹ bá ń jà, má rò pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́, má sì yára wá ẹni tí wàá di ẹ̀bi rù. Wo inú ara rẹ ná. Ìwọ ìyá tí ọmọ rẹ ti ṣáko, má ṣíwọ́ àdúrà, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ti gbéra. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kò ní sá fún òtítọ́. Àmín.