James Davies àti Oko Ìjọ̀n

Bí arìnrìn-àjò bá ti Agége jáde lónìí, tí ó kọrí sí ọ̀nà Ìpájà, tàbí tí ó yà sí apá Ẹgbẹ́dá àti Ìkọ̀tún, ilé àti ọjà ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, igbó àti oko àwọn Àwórì ni ó gba gbogbo ilẹ̀ náà, àti pé ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni àwọn alárù ń tọ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ mìíràn, àwọn ènìyàn a máa ri òkúta sí ẹ̀bá ọ̀nà kí èrò tí ń kọjá lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn agbègbè Alímọ̀ṣọ́ náà ní òkúta tirẹ̀. Ní Ìjọ̀n ni a rì í sí, ẹni tí ó sì rì í ni James Pinson Labulo Davies.

A bí Davies ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògọ́sì, ọdún 1828, ní abúlé Bathurst ní Sàró. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú lọ sí òkè òkun. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ C.M.S. ní Freetown, ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọkọ̀ ogun ni ó wà ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó láti lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè kí wọ́n lè dá Akítóyè padà. Ó fara gbọgbẹ́ nínú ìjà náà. Ó ṣòro láti mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tí ó bá àwọn àjèjì jà ní ìlú tí òun fúnra rẹ̀ yóò wá fi ṣe ilé. Èmi kò lè pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ayọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé pé ọwọ́ irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ti rí òmìnira.

Ní ọdún 1856 ó fi Èkó ṣe ibùjókòó, ó sì di oníṣòwò ńlá tí ó ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀. Nígbà tí Babington Macaulay fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, Davies ni ó fún un lówó láti ra ìwé àti ohun èlò.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògọ́sì, ọdún 1862, ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkè-Ọ̀dàn ni a ti bí obìnrin yìí. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú nígbà tí ó wà ní kékeré, wọ́n sì pa àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 1850 ni ọba Gézò fi í fún ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Forbes, ẹni tí ó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria; Ọbabìnrin sì gba ìtọ́jú rẹ̀ rù. Nígbà tí Davies àti aya rẹ̀ bí ọmọbìnrin àkọ́kọ́, Victoria ni wọ́n sọ ọ́, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwò kì í dúró sójú kan. Gbèsè àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Davies lọ́rùn, àwọn olówó pè é lẹ́jọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1876, ilé-ẹjọ́ kéde pé kò lágbára láti san gbèsè náà mọ́. Ẹni tí gbogbo Èkó ń wò gẹ́gẹ́ bí ọlọ́rọ̀ wá di ẹni tí a ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Oko ni ó yíjú sí. Ní ọdún 1879 àti 1880 ó rí irúgbìn kòkó gbà láti inú ọkọ̀ tí ó ti Brasili wá àti láti Fernando Po, ó sì gbìn ín sí Ìjọ̀n. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Hóró kòkó kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ nínú èso rẹ̀; bí ó bá sì hù, ó ń fẹ́ ibòji igi ńlá nígbà èwe rẹ̀. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni olóko yóò fi máa roko kí ó tó rí èso ká. Ẹni tí gbèsè ti lé kúrò ní ọjà ni ó wá ń dúró de igi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àyíká rẹ̀ kò mọ̀ rí.

Bí ó ti ń dúró ni ìbànújẹ́ dé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá Sarah jà, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Madeira nítorí afẹ́fẹ́ tí ó tura. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ògọ́sì, ọdún 1880, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì: ọjọ́ kejì àyájọ́ ìgbéyàwó wọn. Madeira ni a sin ín sí. Nítorí pé sàréè aya rẹ̀ jìnnà sí i, Davies gbé ọwọ̀n òkúta kan dúró sínú oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Ó kọ orúkọ aya rẹ̀ sí i, àti ọjọ́ tí ó kú, ibi tí ó kú sí, àti iye ọdún tí ó lò láyé.

Àwọn kòkó náà sì so. Àwọn ará Èkó mìíràn tí òwò ti já kulẹ̀ fún tọ ọ̀nà Agége wá láti dáko, ọ̀kan nínú wọn sì ni Jacob Kẹ́hìndé Coker ti Ifàkọ̀. Ní ọdún 1907 àwọn olóko wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn lébìrà tí ó wá ṣiṣẹ́ fún wọn láti òkè ilẹ̀ Yorùbá mú ìmọ̀ kòkó padà sí ilé, bẹ́ẹ̀ ni oko kòkó sì tàn káàkiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ gba kòkó ju ti Agége lọ. Nígbà tí ó yá, obì gbànja ni a fi ń mọ Agége.

Davies kò rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Épírì, ọdún 1906, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí gba Agége kọjá lọ sí Ìbàdàn.