Olùkọ́ Fágúnwà

A bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní Òkè-Igbó, nítòsí Oǹdó, ní ọdún 1903. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti 1926 títí di 1929. Láti 1930 sì ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ìwé ìtàn Yorùbá ṣọ̀wọ́n. Bíbélì àti ìwé ìsìn ni ó pọ̀ jù. Fágúnwà kò jókòó kí ó máa kédàárò. Nígbà tí a ṣe ìdíje ìtàn kíkọ ní 1936, ọwọ́ tí ó fi ń kọ A B D fún ọmọdé lójú pátákó ni ó fi kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Lẹ́yìn náà, òun àti L. J. Lewis kọ ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, Fágúnwà bá odò lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bida. Ṣùgbọ́n omi kò lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlútítun tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, ẹ fi èyí sọ́kàn: olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọdé mọ àròkọ kọ, kí òun náà kọ́kọ́ mú kálàmù.