Ebenezer Morley: Agbẹjọ́rò Tó Kọ Òfin Bọ́ọ̀lù

Gbogbo wa la mọ Pelé. Ta ló mọ Ebenezer Cobb Morley? Ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1831, òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ló kọ́. Lọ́dún 1858 ó kó lọ sí Barnes, lẹ́bàá odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ lọ́dún 1862.

Wàhálà ìgbà náà ni pé oníkálukú ló ní òfin tirẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Rugby, èèyàn lè gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà kó máa sáré lọ. Níbòmíràn, èèwọ̀ ni. Àwa tá a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò sọ pé ẹ̀ka-èdè pọ̀, àjùmọ̀lò ni kò sí.

Morley kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Bell's Life pé ó yẹ kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà, 1863, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ pàdé ní ilé ọtí Freemasons' Tavern, wọ́n dá Football Association sílẹ̀, wọ́n sì fi Morley ṣe akọ̀wé. Òun náà ló kọ òfin tí wọ́n jókòó lé lórí.

Ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ni ojúgun. Ṣé kí agbábọ́ọ̀lù máa fi bàtà gbá ẹnìkejì rẹ̀ lójúgun àbí kó má ṣe bẹ́ẹ̀? Campbell, aṣojú ẹgbẹ́ Blackheath, ní tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, akin ti tán nínú eré náà, pé òun á kó àwọn ará Faransé wá tí wọ́n á fi ìdánrawò ọ̀sẹ̀ kan péré nà wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú èsì Morley ni pé kò díbọ́n pé àánú ojúgun ló ń ṣe òun. Ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ dun òun, àmọ́ àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní í gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé nìkan ni yóò kù sórí pápá. Morley borí. Blackheath bínú kúrò, wọ́n sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Rugby sílẹ̀ lọ́dún 1871.

Òfin 13 ló jáde lóṣù Ọ̀pẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá kà á: èèyàn ṣì lè fọwọ́ hán bọ́ọ̀lù, kò sí igi lókè ojúlé, wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹfirí.

Morley fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ó jẹ góòlù nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù pàdé Sheffield lọ́dún 1866. Lẹ́yìn náà ó di ààrẹ ẹgbẹ́ náà títí di 1874, ìgbà rẹ̀ sì ni FA Cup bẹ̀rẹ̀.

Ó kú lóṣù Bélú, 1924, lẹ́ni ọdún 93, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣí pápá Wembley. Kò bímọ. Itẹ́ òkú àtijọ́ kan ní Barnes ni wọ́n sin ín sí, igbó sì ti bo ibẹ̀.